Bí Mo Ṣe Lọ Parí Ìṣubú Àbúrò Mi Lọ́dọ̀ Àfúwà àti Ẹ́tìrì

Ẹ pa ẹnu mọ́. Ìwọ tí ò ń họ ẹ̀pà jẹ níbẹ̀ yẹn, gbé e mì tàbí kí o tu ú dànù. Bí ẹ bá wá gbọ́ ìtàn, ẹ dẹtí. Bí ó bá jẹ́ pé eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi lẹ wá wò, mẹ́rìnlá ni, ẹ kà á kí ẹ máa lọ sílé yín. N kò pè yín kí ẹ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ òní kì í ṣe ọjọ́ eré.

Èmi Ọdẹ́lànà ló ń sọ̀rọ̀, ọdẹ Kétu tí igbó mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí oòrùn tó mú, tí mo sì fi ìrù ẹ̀kẹrin nu ojú nígbà tó ń sá lọ. Èmi ni mo bá ìnàkí jà fún ọjọ́ méjì gbáko, títí ìnàkí náà fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ jẹun kí òun tó padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú di mí nítorí pé mo ti ń fi ọ̀pá rìn, ta ló ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí nínú yín? Kò sí. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Àwẹ̀ró, ìwọ sún síwájú, síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Bí àlejò bá wà níbí tí kò mọ̀ ọ́n, ìyàwó Ọdẹ́rìndé àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo yín lẹ mọ bó ṣe kú, torí ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Mo ní a jọ lọ ṣọdẹ, ó gun igi lọ ṣọ́ ẹran, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já, ó kú. Mo sì ní ẹni tó bá já lórí igi, ìdí igi náà ni àwọn baba wa ń sin ín sí, wọn kì í gbé e wọ̀lú, nítorí náà mo ti sin ín. Ẹ gbà fún mi. Ẹ sunkún, ẹ jẹ ẹran, ẹ lọ. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní kí n mú òun dé ìdí igi náà.

Láti ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ohun yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí oòrùn bá ti dé àárín orí, nǹkan á máa bọ̀ láti òkè wá sórí ilé Àwẹ̀ró, fìììììì! Gbogbo ènìyàn á tẹrí ba, wọn á máa retí kó balẹ̀. Kò ní balẹ̀. Ohùn náà á kàn dá dúró lókè òrùlé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kan wá fẹ́ fi Àwẹ̀ró ṣaya, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, fìlà tó gbàgbé sọ́dọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Obìnrin náà kò jẹun ọ̀sán mọ́. Ó gbẹ. Ọjọ́ kan ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, “Bàbá Ọdẹ, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ọkọ mi ṣì ń ṣubú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣubú. Ẹ lọ bá mi wá ibi tó wà, kí ẹ jẹ́ kó balẹ̀. Bí òjò tó ń bọ̀ yìí bá bá a lójú ọ̀run báyìí, kànga ni wọn yóò ti yọ èmi náà.”

Kí ni mo lè sọ? Bí mo bá kọ̀, ẹ ó bi mí ní ìdí. Mo gbé ìbọn, mo lọ.

Bí mo ṣe rìn ín kò kàn yín. Ẹ sáà mọ̀ pé ẹ̀yìn ni mo fi rìn fún ọjọ́ méje, torí pé ibi tí mò ń lọ kò sí níwájú ẹnikẹ́ni. Ìlú Àná-Ti-Parí ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti ṣe tán ló ń wọ ìlú náà lọ sinmi, èdè Faransé sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Tísà, má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń fi pàṣán kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé nílé ìwé. Èmi gbé bàtà kọ́mándà kan, ọ̀gá òyìnbó Faransé, kiri fún ọdún méjì ní Pọ́bẹ̀, mo gbọ́ èyí tó tó láti fi bú ènìyàn, mo sì gbọ́ èyí tí wọ́n fi ń bú èmi náà.

Kí n tó dé ẹnu ibodè, mo bá àwọn ìṣe tí ẹni tó ṣe wọ́n sẹ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìhòòhò, ìrù gígùn lẹ́yìn wọn, wọn kò lè wọ ìlú torí kò sí ẹni tó wá pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ọ̀kan ní, “Èmi ni jíjẹ tí bàbá kan jẹ ẹja inú ìkòkò ìyàwó rẹ̀, tó ní ológbò ni! Ṣé ìwọ ni ológbò náà?” Òmíràn tutọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní òun ni ìbúra tí olórí ẹbí kan bú lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀tù ìbọn ló ń rùn lára rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi. Mo wo òkè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ, mo kọjá.

Ẹni tó wà ní ibodè àkọ́kọ́ ni Agérù. Ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ sì korò.

Ó ní, “Ta ni ìwọ tó ń rùn bí awọ tí kò gbẹ yìí?”

Mo ní, “Èmi ni Ọdẹ́lànà, ọkọ igbó, ọkọ ọ̀dàn.”

Ó ní, “Igbó kò sọ fún wa pé òun lọ́kọ. Ohun tó ti parí ló ń wọlé níbí. Kó ìṣe rẹ sílẹ̀ kí n gé ìrù rẹ̀.”

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìṣe tí kò tíì parí ní ìrù. Èyí tó ti parí, wọ́n gbọ́dọ̀ gé ìrù náà, kí wọ́n rán tuntun mọ́ ọn. Ìdílé-ìdílé ni àwọn ìṣe náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìrù kúkúrú tó ń dún “é” ló ń rán mọ́ wọn. Mo gbé jíjẹ mi sílẹ̀, ó gé e, ó ní, “Mọ̀ǹjé!” Ìdílé kejì, ó gé tiwọn kù sí “í”: mo gbé píparí kalẹ̀, ó ní, “Finí!” Ìdílé kẹta, ó gé e, ó rán “ú” mọ́ ọn: mo gbé títà kalẹ̀, ó ní, “Fàǹdú!” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé iṣẹ́ yìí kò le, mo ní èmi náà lè bá a gé e. Ó gbé ọ̀bẹ fún mi, ó ní, “Gé ti rírí.” Mo gbé ọ̀bẹ lé e, rírí yí padà, ó gbá mi létí, ó di nǹkan mìíràn lójú mi.

Agérù rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Ó ní, “Ìdílé alágídí nìyẹn. Rírí, ṣíṣe, mímú, mímu. Ọ̀bẹ kò ràn wọ́n. Bí kálukú wọn ṣe fẹ́ rí ló ń rí, àfi kí o mọ̀ wọ́n lójú níkọ̀ọ̀kan. Òpè tó ń fọ́nnu!” Ó ta mí nípàá wọ ibodè kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn méjì tí n kò ní gbàgbé. Ìṣe tí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀ kò lè dá rìn wọ ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Àfúwà ni ti àkọ́kọ́, “níní” ni orúkọ rẹ̀ lédè wa, ó sanra, ó ní ọwọ́ mẹ́rìndínlógún, gbogbo rẹ̀ ló sì di nǹkan mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju “mo ní, mo ní” lọ. Ẹ́tìrì ni ìkejì, “wíwà” ni tirẹ̀. Ó gbẹ, kò lọ́wọ́ rárá, ẹsẹ̀ nìkan ló ní.

Àfúwà ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣe wọlé. Mo jẹun, ó di jíjẹ mú, ó ní, “Jé mọ̀ǹjé,” wọ́n wọlé. Mo sùn, ó mú un. Mo ta awọ, ó mú un. Mo pa ẹfọ̀n, ó mú un, mo sì ń ka ẹfọ̀n lọ títí ó fi di mẹ́rin lẹ́nu mi. Ìkẹrin kò tẹ̀lé e. Àfúwà fi ọwọ́ mẹ́jọ gbá mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní, “Mẹ́ta ni! Ọdẹ, ìrù ìkẹrin lo fi nu ojú.” Ẹ rí i? Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo gbé wíwá mi sílẹ̀ pé mo wá láti Kétu, Àfúwà mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ́tìrì ló fi ẹsẹ̀ tì mí, ó ní kí n kọ́kọ́ já àlọ́ òun.

Ó ní, “Mo dé, n kò gbé nǹkan dání. Mo lọ, n kò gbé nǹkan lọ. Ara mi nìkan ni mo ṣí nípò. Ta ni mí?”

Mo ní, “Ènìyàn ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i àti lọ́jọ́ tó kú.”

Ó ní, “O gbọ́n díẹ̀. Èmi ni mò ń mú bíbí àti kíkú wọlé. Wíwá, lílọ, wíwọlé, jíjáde, gígòkè, sísọ̀kalẹ̀, ṣíṣubú, dídúró síbì kan, tèmi ni wọ́n, wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gòkè bá gbé ẹrù gòkè, Àfúwà á já a gbà lọ́wọ́ mi, olè ni. Èyí tó bá sì tẹ̀lé mi gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ẹni tó ṣe é. Bí obìnrin ló lọ, lílọ náà á ró ìró. Bí wọ́n bá pọ̀ tí wọ́n lọ, aṣọ náà á pọ̀. Ti Àfúwà, bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ kò kàn án.”

Mo bi í pé, “Ṣé ṣíṣubú tìrẹ ni?”

Ó ní, “Tèmi ni. Ta ló ṣubú?”

Kò dúró kí n dáhùn. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sókè, mo sì gbójú sókè. Ẹ̀yin ènìyàn, lókè ojúde ìlú náà ni mo ti rí Ọdẹ́rìndé. Ó ń já bọ̀, orí nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, apá rẹ̀ ń wá ẹ̀ka igi tí kò sí. Ó ń já bọ̀ kò sì súnmọ́ ilẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò tíì yé e ohun tó ṣe é. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo bú sẹ́kún, èmi tí n kò sunkún níbi òkú rẹ̀.

Mo sáré gbé ṣíṣubú rẹ̀ lọ fún Agérù, ó gé ìrù rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ láṣọ ọkùnrin, mo fi lé Ẹ́tìrì lọ́wọ́, àbí kí n ní mo fi lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ́tìrì ké e jáde: “Ìl ẹ tọ̀ǹbé!” Ó ti ṣubú. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ṣíṣubú náà kò gbé ẹsẹ̀, Ọdẹ́rìndé sì ń já bọ̀ lókè.

Ẹ́tìrì yí ojú sí mi. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ náà gún, ṣùgbọ́n kò rìn. Bí nǹkan bá ṣe tẹ̀lé ara wọn ló ń wọlé níbí. Nǹkan kan wà ṣáájú ìṣubú yìí tí kò tíì wọlé. Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó ṣubú?”

Mo ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.”

Wọ́n ké sí yíyọ̀ ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìndé nígbà mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Àfúwà bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí, ó ń fi ọwọ́ mẹ́rìndínlógún nà mí, Agérù sì dúró ti ọ̀bẹ rẹ̀.

Àfúwà ní, “Ìbọn ń rùn lára rẹ. Ṣé o yìnbọn lọ́jọ́ náà?”

Mo ní, “N kò yìnbọn.”

N kò mọ̀ pé ẹni tó bá sẹ́ nǹkan ní ìlú yẹn, ajá méjì ni wọ́n ń tú sílẹ̀, Né àti Pá. Né á lọ síwájú Àfúwà, Pá á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á há a sáàárín. Bí òótọ́ ni ẹni náà kò ṣe é, wọ́n á jọ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí irọ́ ni, wọ́n á fi Àfúwà sílẹ̀, wọ́n á kọjú sí òpùrọ́. Né mú mi ní ojúgun, Pá mú mi ní ìdí. Àpá tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí, tí mo sọ fún yín lánàá pé ẹkùn ló ṣe é, ẹ wò ó dáadáa. Ajá ni.

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ajá ń tẹ̀lé mi. Ìṣe tó ń rùn bí ẹ̀tù ìbọn ṣì jókòó síbi tí mo fi í sí. Mo na ọwọ́ sí i. Kò kọ́kọ́ dìde.

Ó ní, “Sọ bí o ṣe ṣe mí, kí gbogbo àwọn tó jókòó síbí gbọ́.”

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ òfin wa. Bí ọdẹ méjì bá jọ wọ igbó, ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn sínú ewé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ súfèé lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì sú tirẹ̀ padà, kó lè mọ ibi tó wà. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ẹran ló ni orí rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta léraléra ni àbúrò mi ti gbé orí ẹran lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ilé ti ń pè é ní ọdẹ ńlá níṣojú mi. Lọ́jọ́ náà, mo rí ewé tó mì. Mo rò pé ọ̀bọ ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n súfèé. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá súfèé, á mọ̀ pé mo ti rí nǹkan, ojú rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ yìn ín. Mo pa ẹnu mọ́. Mo yìnbọn.

Ohun tó já bọ̀ kì í ṣe ọ̀bọ.

Kí ló dé tí ẹ ń kùn? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹran ìsìnkú láì béèrè nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ ó wá máa pariwo lé mi lórí? Olúọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìbọn mi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti gbé e sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó dé. N kò tíì parí.

Mo fa ìṣe náà lọ́wọ́ dé ibodè. Agérù gé ìrù rẹ̀, ó ní, “Tiré.” Àfúwà na gbogbo ọwọ́ rẹ̀ sí i, ó dúró.

Ó ní, “Ìwọ tó fẹ́ ni orí ẹran, ta ló ni eléyìí?”

Mo ní, “Èmi ni mo ni ín. Jé tiré. Mo yìnbọn fún àbúrò mi.”

Ó gbà á, ó mú un wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni ṣíṣubú gbéra, ó tẹ̀lé Ẹ́tìrì. Kíkú náà tẹ̀lé wọn, alágídí, ọ̀bẹ kò kàn án. Òkè sì já Ọdẹ́rìndé sílẹ̀, gbì! Ó balẹ̀ síwájú mi.

Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀ níbi tí ọta wọlé sí. Ó wá wò mí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí ọ̀bọ ni?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó ní, “Ẹ̀ bá béèrè. Ǹ bá fún yín.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó wọ ìlú lọ pẹ̀lú àwọn tó ti parí. Kò dárí jì mí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ ọ́ báyẹn. Ó kàn lọ ni.

Agérù ló lé mi jáde. Ó ní, “Ohun tí o sọ níbí, ibí nìkan ló ti parí. Nílé rẹ kò tíì parí. Lọ sọ ọ́ ní èdè tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, níwájú àwọn tí o purọ́ fún.” Ó ju òkúta lù mí. Mo dé lánàá, mo purọ́ ẹkùn fún yín, torí ẹ̀rù bà mí. Gbogbo òru ni mo fi jókòó lórí àga yìí.

Àwẹ̀ró, ìdí tí mo fi pè wọ́n jọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ kò yọ̀. Èmi ni mo yìnbọn fún un, n kò súfèé, torí ìlara. Mo sì ti ń wo ojú rẹ fún ọdún mẹ́ta, mo ń jẹ oúnjẹ tí ò ń sè fún mi nítorí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ.

Oòrùn ti dé àárín orí. Ẹ gbọ́? Ó ń bọ̀. Ẹ má sá. Ẹ má tẹrí ba. Fìììì…

Gbì.

Ẹ gbọ́ ọ. Ó ti balẹ̀. Páànù òrùlé rẹ ti tẹ̀, Àwẹ̀ró, ojú mi rí i láti ibi tí mo wà.

Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹ má dì í mú, kò ní ṣe nǹkan kan. Àwẹ̀ró, kí lo wí? Ẹ dákẹ́, kí n gbọ́ ohun tó ń wí.

“Dìde lórí àga ọkọ mi.”

Ẹ má bá a wí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. Òótọ́ ló sọ, Ọdẹ́rìndé ló gbẹ́ àga yìí, láti ọ̀sẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kú ni mo sì ti gbé e wá sílé mi.

Ó tó, Àwẹ̀ró. Mo ti dìde.